Àpótí Irin Tó Léfòó

Gbogbo nǹkan tó wà nínú yàrá náà ló wà níbi tí kọ̀mpútà ní kó wà. Àga rọ́bà méjì dojú dé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àkàbà sùn gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn àgbá aláwọ̀ búlúù kóra jọ sí kọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ tó ń sá fún òjò. Àpótí irinṣẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ sì jókòó sórí ihò tí omi ń gbà jáde nínú ilẹ̀, ó bò ó pátápátá. Oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni ẹnjiníà obìnrin kan ti ya gbogbo èyí sínú kọ̀mpútà, ó sì fi hàn bíi fíìmù fún àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nísinsìnyí tí omi ti bo yàrá náà ní tòótọ́, fíìmù àti ojú ayé bára mu délẹ̀délẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ rán an lọ sẹ́wọ̀n.

Ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ni, irú èyí tó ń lo agbára átọ́míìkì. Iná ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn lè bu omi pa kó wá lọ sùn. Ó ń gbóná nígbà tí wọ́n bá ń lò ó, ó ń gbóná nígbà tí wọn ò lò ó, omi ni wọ́n fi ń tù ú lójú tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ méjì ló ń fa omi náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú yàrá tirẹ̀ nísàlẹ̀ ilé, yàrá ọ̀tún àti yàrá òsì. Páìpù kan bẹ́ ní yàrá òsì ní ìdájí, omi kún ibẹ̀, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì kú. Ti yàrá ọ̀tún nìkan ló kù. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún mi, ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa lọ sílé láì dúró dè mí.

Èmi ni sájẹ́ǹtì. Ọ̀gá mi ni obìnrin kúkurú kan tí gbogbo tẹ́ṣàn ń pè ní Màmá Ó-Dá-Ẹ-Lójú, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo tó fi ń dá ayé lóró. Bó o bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, yóò bi ọ́ pé, "Ṣé ó dá ẹ lójú?" yóò sì yọjú lójú fèrèsé kó tó kí ẹ káàárọ̀. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ títí irun fi tán lórí mi. Ìyàwó mi ní ọjọ́ orí ló fà á. Èmi mọ ẹni tó fà á.

Ohun àkọ́kọ́ tí Màmá ṣe nígbà tá a dé ni pé ó fi ọlọ́pàá kan ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ọ̀tún.

"Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù nìyẹn," ó wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé síbẹ̀ bí mi ò bá sí níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn yọjú wò ó," ni Ọ̀gá Àtúnṣe wí. Òun ni olórí àwọn tó ń tún nǹkan ṣe nílé iṣẹ́ náà, ọkùnrin alára ńlá kan tó ń fi ọwọ́ kan di ìbàdí mú bó ti ń rìn. "Màá kàn rí i pé ara ẹ̀rọ náà le ni."

"Ṣé wọn ò lè rí ẹ̀rọ náà lókè, lójú kọ̀mpútà?"

"Wọ́n ń rí i."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò ó lọ, ẹ̀gbọ́n."

Mánéjà, bàbá gíga kan tí táì rẹ̀ ti wọ́ sẹ́yìn ọrùn, ò fẹ́ ká pẹ́. Ó ní ọkọ̀ ń bọ̀ láti olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọ̀sán yẹn láti wá gbé ẹnjiníà náà. Ẹ̀sùn pé èèyàn fẹ́ ba ilé iṣẹ́ átọ́míìkì jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ béèlì. Ẹni tó bá wọ inú ọkọ̀ yẹn kì í padà wálé bọ̀rọ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ wọ yàrá náà lẹ́yìn tí omi gbẹ?" Màmá béèrè.

"Èmi ni," Ọ̀gá Àtúnṣe dáhùn. "Àwọn panápaná fi ẹ̀rọ fa omi náà títí ó fi kù díẹ̀. Mo wá ní kí gbogbo èèyàn jáde, torí wáyà iná wà nínú omi. Mi ò fẹ́ kó gbé ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ṣe é gan-an," Màmá wí. Bó ti sọ ọ́ tútù tó yẹn, ó yẹ kí n ti fura.

Èmi ò fura. Ayùn irin kan ni mo rí lábẹ́ páìpù tó bẹ́, inú mi sì dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Mo gbé e sókè.

"Màmá, ẹ wò ó! Ayùn ni wọ́n fi rẹ́ páìpù náà."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kí ló tún kù?"

Ó gba ayùn náà, ó fi ìka ra á, ìka rẹ̀ sì pọ́n fún ìpẹtà. Ó fa ọwọ́ mi lọ síbi tí páìpù ti bẹ́. Ẹnu rẹ̀ rí gbágungbàgun, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà. Ayùn kan ò kàn án. Ó ti dógùn-ún tán látinú ni, ó sì bẹ́ fúnra rẹ̀.

"Ayùn yìí ti wà níbí ṣáájú kí wọ́n tó gbà ẹ́ síṣẹ́," Màmá wí. "Dá a padà síbi tó o ti rí i."

Mo dá a padà. Ojú tì mí, àmọ́ ó ti mọ́ mi lára.

Bá a ṣe ń gòkè lọ síbi tí wọ́n fi ẹnjiníà náà sí, a gba iwájú gétì kọjá. Ìyá àgbàlagbà kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó gbé ọmọ ọwọ́ lé itan, ọmọ náà sì ń ké. Ìyá ọkọ ẹnjiníà ni.

"Ẹ̀yin ọlọ́pàá," ó pè wá, "ọmọ yìí ò gba ìgò lónìí. Mo fi ìgò bẹ̀ ẹ́, mo fi orin bẹ̀ ẹ́, ó lóun ò gbà. Kí ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ tí ẹ bá gbé ìyá ẹ̀ lọ?"

"A ò tíì gbé ẹnikẹ́ni lọ, màmá," ọ̀gá mi dáhùn.

"Ẹ má gbé e. Ọmọ yẹn ò lè jalè omi, ká má tíì sọ pé kó fọ́ páìpù. Ìyàwó wa ni, mo mọ̀ ọ́n. Bó bá fọ àwo kan fọ́, á sọ fún wa kí àwo náà tó balẹ̀."

Inú ọ́fíìsì kékeré kan ni ẹnjiníà náà wà, kọ̀mpútà rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ ti wú. Màmá fa àga sún mọ́ ọn.

"Aṣọ́nà ní nígbà táwọn èèyàn ń lọ sílé lánàá, o wọ yàrá ìkẹ́rùsí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá òsì, o sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Wọ́n bi ẹ́ ohun tó o lọ ṣe, o ò dáhùn. Àbí?"

Ó tẹ orí ba.

"Àbúrò, ọkọ̀ ń bọ̀ o. Bí o ò bá sọ̀rọ̀, àwọn ló máa bá ẹ sọ ọ́."

"Ọmú ni, Mà," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tó bá ti kún, ó máa ń dùn mí dé abíyá. Mo lọ fún ọmú náà sínú ìgò ni, mo fẹ́ gbé e lọ sílé. Ibẹ̀ nìkan ni ọkùnrin kan ò ti lè já lù mí."

Mo gbójú sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

"Kí ló dé tó ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?"

"Gbogbo ọkùnrin ilé iṣẹ́ yìí ló jókòó yí mi ká, Mà. Àwọn kan náà tó ń pè mí ní Ìyá Olómi. Ṣé kí n tún wá máa sọ̀rọ̀ ọmú fún wọn?"

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́ sí kọ̀mpútà náà. "Fi fíìmù tó kó bá ẹ yìí hàn mí."

Ó tẹ bọ́tìnì kan. Yàrá òsì yọ lójú kọ̀mpútà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára páìpù, ó ń ga díẹ̀díẹ̀. Àga gbéra nílẹ̀. Àgbá gbéra. Àpótí aláwọ̀ ilẹ̀ kan yí bìrí, ó ń rọra bọ̀, ó ń bọ̀, omi tó ń wọ ihò sì fà á mọ́lẹ̀, ó jókòó sórí ihò náà. Láti ìgbà yẹn lọ, omi náà ò lọ mọ́. Ó ga títí ó fi bo ẹ̀rọ.

"Báwo lo ṣe ń ṣe é?" ni Màmá béèrè.

"Mo máa ń pín omi sí ẹ̀kán kéékèèké, àìmọye, bí iyanrìn. Kọ̀mpútà á wá ṣírò ibi tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan máa lọ, ohun tó máa tì, ohun tó máa gbé." Ohùn rẹ̀ ti ń le díẹ̀díẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń sọ. "Omi fúnra rẹ̀ ò bà mí lẹ́rù, Mà. Bí ihò bá wà, á wá ihò lọ. Ẹrù tó bá gbé dání ló ń bà mí lẹ́rù. Mo sọ fún wọn ní ìpàdé pé kí wọ́n so gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ ní yàrá méjèèjì. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí n lọ ra tánkà kí n máa ta omi."

"Ta lẹni yẹn?"

"Ọ̀gá Àtúnṣe."

"Bó o bá dé yàrá kan, kí lo kọ́kọ́ máa ń béèrè nípa ẹrù tó wà níbẹ̀?"

"Ohun tí wọ́n fi ṣe é, àti bó ṣe wúwo tó. Bí mi ò bá mọ ìyẹn, eré ọmọdé ni mò ń ṣe."

"Àpótí aláwọ̀ ilẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Onípákó ni. Èmi fúnra mi ni mo wọ̀n ọ́n."

Màmá dìde. "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú dáadáa."

A sọ̀ kalẹ̀ padà. Màmá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá òsì, ó ní, "Sájẹ́ǹtì, bá mi gbé àpótí yẹn kúrò lórí ihò."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo di etí rẹ̀ mú, mo gbìyànjú. Ẹ̀yìn mi dún kọ́. Àpótí náà ò mira.

"Màmá! Irin ni! Irinṣẹ́ ló sì kún inú ẹ̀!"

"Mo mọ̀. Mo ti fẹsẹ̀ kàn án láàárọ̀. Mo kàn fẹ́ kó dá ẹ lójú ni."

Mánéjà ṣàlàyé pé ìdí àpótí onípákó ti jẹrà, wọ́n wá ra onírin, wọ́n sì kùn ún ní ọ̀dà kan náà. Ẹnjiníà ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun tún yàrá náà wò, wọn ò gbà fún un. Nítorí náà, kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀.

"Ẹ ò wá rí i pé ó jẹ̀bi," ni Ọ̀gá Àtúnṣe já lu ọ̀rọ̀. "Nínú òkùnkùn ló ti wá wọ́ ọ síbẹ̀."

"Ìwọ tó o jẹ́ ọkùnrin, sájẹ́ǹtì, o ò lè sún un," Màmá wí. "Abiyamọ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló máa wọ́ ọ? Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ sọ pé ó lè wọ́ ọ. Ìṣẹ́jú tó bá fọwọ́ kàn án báyìí, á mọ̀ pé irin ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe láyé rẹ̀ ni láti mọ ohun tó ń léfòó àti ohun tó ń rì. Ṣé òun ló máa wá gbé irin síbi tí pákó léfòó dé, kó ní kí ayé gbà á gbọ́? Ẹni tó mọ iṣẹ́ yẹn ò lè ṣe irú àṣìṣe yìí. Ẹni tó kàn wo fíìmù lásán ló lè ṣe é."

Orí mi wú. Àṣìṣe yẹn gan-an ló tú obìnrin náà sílẹ̀.

"Omi líle ń gbé mọ́tò lọ," ni Ọ̀gá Àtúnṣe wí. "Ojoojúmọ́ là ń rí i. Kí ló dé tí kò ní gbé àpótí?"

"Ìbéèrè gidi nìyẹn," Màmá dáhùn. "Ẹ jẹ́ ká bi ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Wọ́n mú ẹnjiníà náà wá. Nígbà tó gbọ́ pé irin ni àpótí, ó la ẹnu, kò lè pa á dé.

"Mọ́tò, afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀, Sà," ó sọ fún Ọ̀gá Àtúnṣe. "Omi tó ń gbé e sì ń sáré. Èyí tó wà níbí kò sáré, ó kàn ń ga ni. Ẹ jẹ́ kí n yí i padà sí irin nínú kọ̀mpútà, ẹ ó fojú ara yín rí i."

Gbogbo wa gòkè lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí nọ́ńbà àpótí padà, kọ̀mpútà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó ń gun òkè. Ó pẹ́. Mánéjà ń wo aago. Ọkọ̀ olú iléeṣẹ́ ti dé, a ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Fíìmù tuntun wá yọ. Omi tú jáde. Àga gbéra, àgbá gbéra, wọ́n ń rìn kiri. Àpótí irin ò mira níbi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àgbá kan sún dé ẹnu ihò, omi gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

"Kókósẹ̀ ni omi náà máa dé, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀," ni ẹnjiníà wí. "Ẹ̀rọ ò ní kú."

"Àmì tí omi fi sílẹ̀ lára ògiri dé àyà mi," ni mo wí.

"O ṣeun, sájẹ́ǹtì," Màmá wí, ó sì ṣọ̀wọ́n kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. "Ìyẹn ni pé ihò náà ti dí kí ẹ̀kán omi kan tó jáde. Ẹnì kan mọ ohun tó dí i, kò sì fẹ́ ká mọ̀. Ló bá rántí fíìmù tó fi ṣe yẹ̀yẹ́, ló bá to ẹrù bí fíìmù ṣe tò ó."

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, èmi àti ọlọ́pàá méjì taari àpótí kúrò, mo sì wo ihò náà. Ihò náà ṣí gbayawu, ó mọ́ tónítóní. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo lọ jíṣẹ́ fún Màmá, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹni yẹn ti yọ ohun tó dí i," ó wí, ó sì yíjú sí ẹnjiníà. "Àbúrò, iṣẹ́ wo ni wọ́n máa ń ṣe tó lè mú kí wọ́n dí ihò omi?"

"Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ bóyá páìpù abẹ́ ilẹ̀ ń jò, Mà, wọ́n á fi rọ́bà dí ẹnu ihò, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ àtúnṣe ló ń ṣe é. Wọ́n ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Yàrá òsì nìkan?"

"Yàrá méjèèjì."

"Méjèèjì," ni Màmá wí, bí ẹni tó ń lá oyin. "Sájẹ́ǹtì, wá garawa omi kan fún mi."

A kó ara wa lọ sí yàrá ọ̀tún. Ẹ̀rọ tó kù ń dún níbẹ̀, ilẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mánéjà wà níbẹ̀, ẹnjiníà náà wà níbẹ̀, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá tí wọ́n rán láti olú iléeṣẹ́. Ọ̀gá Àtúnṣe ló wọlé kẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò ní ìbàdí.

"Ihò omi ti ibí ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Màmá bi í. "Ṣé ó ṣí?"

"Ó ṣí."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Màmá da omi náà sílẹ̀. Ó ṣàn lọ sẹ́nu ihò, ó kún un, ó sì dúró síbẹ̀. Kò lọ. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, omi ń wò wá, àwa náà ń wò ó.

"Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù nìyí o," ni Mánéjà wí. "Bí páìpù bá bẹ́ níbí..." Ó fi táì rẹ̀ nu òógùn ojú.

Ẹnjiníà náà ti kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ inú ihò títí dé ìgúnpá, ó fà, ó tún fà. Rọ́bà dúdú kan bọ́ sí i lọ́wọ́, omi sì ré lọ pẹ̀lú ariwo ńlá. Mi ò mọ̀gbà tí mo pàtẹ́wọ́. Ọlọ́pàá olú iléeṣẹ́ náà pàtẹ́wọ́ tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Ọwọ́ pálábá Ọ̀gá Àtúnṣe ti ségi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mo gbàgbé ni," ó wí. "Mo ti fọwọ́ sí i pé mo yọ méjèèjì. Ìgbà tí mo rí omi ni mo rántí. Mo yọ ti yàrá òsì, mo sì fi ṣéènì tí wọ́n fi ń gbé ẹ̀rọ fa àpótí náà. Ó ṣẹ́ mi ní ìbàdí. Mo fẹ́ wá yọ ti ibí náà, ẹ ò jẹ́ kí n wọlé. Ìgbàgbé ni, Mà. Ta ni kì í gbàgbé?"

"Èmi náà máa ń gbàgbé," Màmá wí. "Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, èmi ò ní bá ẹ jà. Àmọ́ o mọ̀ pé ihò yìí dí, o sì pa ẹnu mọ́ látàárọ̀. Ọmọ kan sì ń ké ní gétì, o fẹ́ kí wọ́n gbé ìyá ẹ̀ lọ kí orúkọ rẹ má bàa bàjẹ́. Ìyẹn ni mo mú ẹ fún."

Ọlọ́pàá olú iléeṣẹ́ náà fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ síbi tó yẹ.

Mánéjà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹnjiníà náà. Ó ní kó wá lọ́la, kó wo gbogbo yàrá tó bá wù ú, ẹni tí kò bá so ẹrù rẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mi ò rò pé ẹnjiníà gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ti ń sáré gun àtẹ̀gùn, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù, rọ́bà dúdú náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí èmi àti Màmá fi máa dé gétì, ó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ti fi gèlè ìyá ọkọ rẹ̀ bo àyà, ọmọ sì ti dákẹ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pariwo. Ó gbé rọ́bà náà sókè ní ojú gbogbo òṣìṣẹ́ tó ń jáde, ó sì ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé, "Ẹ wá wò ó! Ìyàwó wa ló yọ ọ́! Ìyàwó wa ni!"